Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Àìsàn Lórúkọ



Ọ̀rọ̀ tó le ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ṣeé ṣe kí ó bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ kan nínú. Ṣùgbọ́n bí ìdájọ́ òdodo bá jẹ́ iṣẹ́ wa lóòótọ́, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ìjọba nìkan ni ó yẹ kí a ti máa béèrè rẹ̀. Ó yẹ kí a béèrè rẹ̀ pẹ̀lú nínú yàrá kékeré ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, níbi tí pásítọ̀ tàbí agbaninímọ̀ràn ti ń dá ará ìjọ lóhùn lẹ́yìn ìsìn, tí a ti ilẹ̀kùn, tí ẹlòmíràn kò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Ohun tí à ń wí kò ju báyìí lọ: ẹni tí a yàn láti máa gba ènìyàn nímọ̀ràn nínú ìjọ kò ní àṣẹ láti sọ orúkọ àìsàn ọpọlọ mọ́ ẹnikẹ́ni lára. Ìbáà jẹ́ orúkọ ẹ̀mí òkùnkùn ni ó fi pè é, ìbáà jẹ́ orúkọ òyìnbó tó kà nínú ìwé, ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni náà dé ìparí, kí ó gbàdúrà fún un, kí ó dúró tì í, kí ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú náà.

Élì Ṣi Hánà Wò

Nínú Ìwé Sámúẹ́lì Kìíní, orí kìíní, Hánà wà ní Ṣílò, ó ń gbàdúrà. Ọdún dé, ọdún lọ ni orogún rẹ̀ ń fi yíyàgàn rẹ̀ ṣẹ̀sín. Kò jẹun, ó ń sunkún. Ètè rẹ̀ ń mì, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Élì àlùfáà jókòó lẹ́bàá òpó ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹnu obìnrin náà, ó sì parí rẹ̀ sí pé ọtí ló mu. Ó bá a wí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé Élì kì í ṣe wòlíì èké. Àlùfáà Ọlọ́run ni, ó sì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àmì tó rí kì í ṣe irọ́: ètè ń mì lóòótọ́, ohùn kò jáde lóòótọ́. Ibi tó ti kùnà ni pé ó fi àmì kan ṣoṣo dá ẹjọ́, kò sì bi ẹni tó ń wò ní ìbéèrè kan tó fẹ́ gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Kò béèrè bí ilé ti rí. Kò béèrè ìgbà tó jẹun kẹ́yìn. Kò béèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Élì sọ àìsàn lórúkọ, kò wo ilé.

Hánà ní ẹnu láti dá a lóhùn pé òun kò fẹnu kan ọtí, pé ọkàn òun ló bàjẹ́. Élì náà ní ìrẹ̀lẹ̀ láti yí ohùn padà, ó sì súre fún un. Mélòó nínú àwọn tó ń wọ yàrá ìgbaninímọ̀ràn wa lónìí ni ó lè bá pásítọ̀ jiyàn bẹ́ẹ̀? Mélòó nínú àwọn pásítọ̀ wa ni yóò sì yí ohùn padà?

Àwa onígbàgbọ́ tí a ń fi èdè tuntun gbàdúrà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ bí ó ti ń dun ni tó kí a ṣi ni wò. Ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn kan wo àwọn àpọ́sítélì, wọ́n ní ọtí ló ń pa wọ́n; Pétérù ní láti dìde ṣàlàyé pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni. Fẹ́sítúsì gómìnà pariwo mọ́ Pọ́ọ̀lù pé ìwé àkàjù ti dà á lórí rú. Ìwé Máàkù orí kẹta sọ fún wa pé àwọn ènìyàn Jésù fúnra rẹ̀ jáde lọ láti mú un, nítorí wọ́n rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Bí wọ́n bá lè ṣi Olúwa wò, ta ni a kò lè ṣì wò?

Àwọn Méjì Tó Ń Sọni Lórúkọ

Irú ẹni méjì ni wọ́n ń ṣe èyí láàárín wa.

Èkínní ni ẹni tí gbogbo nǹkan jẹ́ ẹ̀mí lójú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kò sùn, ó ń dá sọ̀rọ̀: ó ní ẹ̀mí ìdílé bàbá rẹ̀ ni. Abiyamọ tuntun kò fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó bí àjèjì: ó ní àjẹ́ ni ìyá ọmọ. Ọmọdébìnrin ṣubú, ó ń gbọ̀n, ìtọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀: ó ní ẹ̀mí omi ni. Ìyá àgbà gbàgbé ọ̀nà ilé, ó ń sọ ìsọkúsọ lóru: ó ní ó ti ń jẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ pé arúgbó a máa ṣarán.

Ó yani lẹ́nu pé àwọn baba wa tí a ń pè ní aláìmọ̀kan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kò fi orúkọ kan pe gbogbo rẹ̀. Wárápá yàtọ̀ sí wèrè lẹ́nu wọn. Wọ́n mọ abisínwín, èyí tó máa ń ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Wọ́n mọ ọdẹ orí, èyí tí aláìsàn fi ń sọ pé nǹkan ń rìn nínú orí òun. Àwa tí a ní Bíbélì àti ìwé kíkà ni a wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a fi orúkọ kan ṣoṣo dì í.

Èkejì ni agbaninímọ̀ràn òde òní. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó gba ìwé ẹ̀rí, ó gbé e kọ́ ara ògiri. Ẹ̀kọ́ náà kò burú. A fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wa kàwé. Ohun tó burú ni pé láàárín ogún ìṣẹ́jú tí arábìnrin kan fi sọ̀rọ̀, ó ti sọ fún un pé bipolar ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kùnà ìdánwò ti di ẹni tó ní depression. Ọkọ á gbọ́ orúkọ náà, á gbé e délé, á sì sọ ọ́ di ohun ìjà. Nígbà tí ìyàwó bá béèrè owó oúnjẹ, ìdáhùn ni pé, "Ṣé pásítọ̀ ò ti sọ pé orí ẹ ò pé?"

Àwọn méjèèjì a máa bú ara wọn. Èkínní ń pe èkejì ní aláìnígbàgbọ́, èkejì ń pe èkínní ní ará oko. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń sọ ohun tí wọn kò yẹ̀ wò, nípa ẹni tí kò lè dá wọn lóhùn.

Ohun Tí Orúkọ Ń Ṣe Fún Ènìyàn

Àwọn kan yóò ní, kí ló wà nínú orúkọ? Ẹ jẹ́ kí a fi èyí dá wọn lóhùn. Ní ọdún 2005, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́. Ènìyàn 2,040 ni wọ́n bi léèrè. Nínú ọgọ́rùn-ún, ju 96 lọ ló gbà pé eléwu ni ẹni tó bá ní àìsàn ọpọlọ. Ju 82 lọ ló sọ pé ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lásán. Àwọn tó lè rò ó láti fẹ́ ẹ kò tó 17.

Ilẹ̀ wa nìyẹn, ẹ̀yin ará. Àwọn aládùúgbò wa ni wọ́n bi, wọ́n sì bi àwọn tí a jọ ń ṣe ìsìn. Nínú irú ilẹ̀ báyìí, ẹni tó bá sọ orúkọ àìsàn ọpọlọ mọ́ ọmọbìnrin ọdún méjìlélógún lára ti ba iṣẹ́ rẹ̀ àti ìgbéyàwó rẹ̀ jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí dókítà bá padà yẹ̀ ẹ́ wò tó ní kò sí nǹkan kan, ta ni yóò lọ káàkiri ìjọ láti kó ọ̀rọ̀ náà padà? Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ibẹ̀ náà kọ́ ni ó ń parí sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ Human Rights Watch gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti dé ibi 28 tí wọ́n ti ń tọ́jú alárùn ọpọlọ ní Nàìjíríà. Ilé ìwòsàn ìjọba wà níbẹ̀, ilé oníṣègùn ìbílẹ̀ wà níbẹ̀, ibi ìtọ́jú àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ilé ìjọsìn àwa Kristiẹni náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n rí àwọn tí a fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́lẹ̀, wọ́n sì gbọ́ nípa lílù àti ebi tí a fi orúkọ ààwẹ̀ bò. Ìjọ tó ń kọrin pé Jésù tú ìdè ni ó ń lọ ra ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ní ọjà. Kò sí ẹni tó kàn ń jí láàárọ̀ kí ó de ọmọ ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. A ti kọ́kọ́ sọ ọmọ náà lórúkọ ná. Nígbà tí a bá ti pe ènìyàn ní ẹlẹ́mìí èṣù, gbogbo ohun tí a bá ṣe sí i dà bí ẹni pé èṣù ni a ń ṣe é sí.

Bí Àwọn Tó Kọ́ Ọ Ṣe Ń Ṣe É

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí dókítà ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́, kí a lè mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú lásán rí. Dókítà bẹ́ẹ̀ ti kàwé ju ọdún mẹ́wàá lọ. Kí ó tó sọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó di àìsàn ni ó ń ṣe ẹnì kan, ìlànà tí ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ̀lé ní kí ó rí ó kéré tán àmì márùn-ún nínú mẹ́sàn-án. Àwọn àmì náà gbọ́dọ̀ ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì, lójoojúmọ́ tàbí kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ìbànújẹ́ tí kò lọ, tàbí kí ohun tó ń dùn mọ́ ẹni náà tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ ọn mọ́. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tó ń dí ìgbé ayé rẹ̀ lọ́wọ́.

Kò tíì parí. Ó gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kì í ṣe àìsàn ara ló fà á. Ẹ̀yà ara kan wà ní ọrùn tí a ń pè ní tairọ́ọ̀dì; bí iṣẹ́ rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ara ènìyàn a wúwo, ọkàn rẹ̀ a sì rẹ̀wẹ̀sì; bí iṣẹ́ rẹ̀ bá pọ̀ jù, kò ní lè sùn, kò ní lè jókòó sójú kan. Ibà tó bá wọ ọpọlọ lè mú kí ènìyàn máa sọ kántankàntan. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ọgbẹ́ orí látinú ìjàǹbá ọ̀kadà, igbó, tramadol, omi ikọ́ tó ní codeine: ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè mú àmì wá tó jọ ti àrùn ọpọlọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ ṣe àyẹ̀wò. Agbaninímọ̀ràn wo ló ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé ìjọsìn?

Ti ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́ le ju èyí lọ. Kí dókítà tó sọ pé schizophrenia ni, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn àmì náà ti wà fún oṣù kan. Ti àwọn ará Amẹ́ríkà ní kí gbogbo rẹ̀ ti tó oṣù mẹ́fà. Ìlànà náà tún pa á láṣẹ fún dókítà pé kí ó wo àṣà àti ẹ̀sìn aláìsàn. Ará ìjọ tó bá sọ pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀ nínú àdúrà kò tíì ya wèrè nítorí ìyẹn nìkan. Ẹ wo bí ó ti rí: dókítà ń dúró dé oṣù mẹ́fà, agbaninímọ̀ràn wa kò lè dúró dé ogún ìṣẹ́jú.

Aláìsàn Yorùbá pàápàá kì í sábà wọlé kí ó ní, "Inú mi bàjẹ́." Ohun tí yóò sọ ni pé orí ń gbóná, àyà ń já, nǹkan ń rìn lára òun. Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola kọ̀wé lórí ọdẹ orí ní ọdún 1987, ó sì fi hàn bí ìdààmú ọkàn ṣe ń gba inú ara sọ̀rọ̀ láàárín wa. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò máa wá ẹni tó ta aláìsàn ní ọfà ayé, nígbà tí ọkàn ẹni náà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn dókítà náà a máa ṣì í sọ. Ní ọdún 1960, Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó ti ṣiṣẹ́ ní Àrò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àìsàn kan tó ní ó ń ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, ó pè é ní brain fag. Orúkọ náà wọ inú ìwé ńlá àwọn dókítà Amẹ́ríkà ní ọdún 1994. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní ọdún 2013, wọ́n yọ ọ́. Bí orúkọ tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ sọ bá lè yí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, kí ni kí a wí nípa èyí tí ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ sọ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan?

Àìsàn Kọ́ Ni Gbogbo Ẹkún

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ́ ti ìdájọ́ òdodo gan-an. Òṣìṣẹ́ tí wọn kò san owó oṣù rẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ kò sùn, kò jẹun, ó ń sunkún. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń lù ń gbọ̀n nígbàkúùgbà tí ilẹ̀kùn bá dún. Ṣé àìsàn ni èyí? Ó lè di àìsàn lóòótọ́, kí dókítà sì tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá yára pe ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ ní aláìsàn, tí a sì dákẹ́ níbẹ̀, a ti dá ẹni tó ń fìyà jẹ ẹ́ láre. Ẹkún Hánà kò ṣẹ̀yìn Pẹ̀nínà. Oògùn oorun kò lè san owó oṣù, ìdáǹdè kò sì lè gba ọ̀pá lọ́wọ́ ọkọ.

Ẹ má rò pé àsọdùn ni. Ní ọdún 1851, dókítà kan ní gúúsù Amẹ́ríkà, Samuel Cartwright, kọ ọ́ sínú ìwé pé àìsàn ọpọlọ kan wà tó ń mú kí àwọn ẹrú dúdú máa sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ó fún un ní orúkọ Gíríìkì ńlá kan, drapetomania, ó sì ní ẹgba wà lára oògùn rẹ̀. Ènìyàn ń wá òmìnira rẹ̀, wọ́n ní orí rẹ̀ kò pé! Ibẹ̀ ni orúkọ àìsàn lè gbé ènìyàn dé nígbà tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ alágbára, tí kò sì sí ẹni tó ń bi í léèrè. Pásítọ̀ jẹ́ alágbára nínú ìjọ. Kí á má tan ara wa.

Ìdáhùn Sí Àwọn Tó Ń Takò Wá

Wọ́n ní: "Jésù lé ẹ̀mí èṣù jáde." Bẹ́ẹ̀ ni, a gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ ka Máttíù orí kẹrin, ẹsẹ kẹrìnlélógún. Níbẹ̀, a ka àwọn tó ní ẹ̀mí èṣù lọ́tọ̀, a ka àwọn tó ní wárápá lọ́tọ̀, a ka àwọn arọ lọ́tọ̀, Jésù sì wo gbogbo wọn sàn. Ìwé Mímọ́ kò pò wọ́n pọ̀. Kí ló dé tí àwa fi ń pò wọ́n? Lúùkù jẹ́ oníṣègùn, Pọ́ọ̀lù sì pè é ní olùfẹ́. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Àdúrà kò nílò orúkọ àìsàn kí ó tó gòkè. Ọlọ́run tó dá ọpọlọ mọ orúkọ ohun tó ń ṣe é. Ẹ gbé ọwọ́ lé aláìsàn, ẹ gbàdúrà, ẹ má sọ ọ́ lórúkọ.

Wọ́n ní: "Àwọn dókítà náà kò tó." Òótọ́ ni, ó sì jẹ́ ìtìjú fún orílẹ̀-èdè wa. Láti ọdún pípẹ́ ni a ti ń kà á pé àwọn dókítà ọpọlọ wa kò tó 300 fún ènìyàn tó ju igba mílíọ̀nù lọ, ọ̀pọ̀ sì ti lọ sí òkè òkun. Ṣùgbọ́n nítorí pé dókítà kò tó, ṣé bíríkìlà yóò máa ṣe iṣẹ́ abẹ? Ohun tó yẹ ni pé kí a so ọwọ́ pọ̀ mọ́ àwọn tó wà. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, fi ọ̀nà hàn wá ní Àrò láti ọdún 1954: àwọn aláìsàn ń gbé ní abúlé ìtòsí pẹ̀lú ẹbí wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ oko. Ẹbí kò sá fún wọn, a kò sì dè wọ́n mọ́lẹ̀. Ní ọdún 2020, Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì ìwádìí mìíràn jáde láti Ìbàdàn àti Kumasi ní Ghana, lórí aláìsàn tó ju 300 lọ tí wọ́n wà lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládùúrà. Níbi tí òṣìṣẹ́ ìlera ti ń wá bá olùtọ́jú náà ṣiṣẹ́ pọ̀, ara aláìsàn yá ju ibi tí a ti dá a dá a lọ. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe orogún.

Wọ́n tún ní: "Bí a kò bá sọ orúkọ rẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ibi tí a ó rán an lọ?" Ẹ sọ ohun tí ẹ rí. Dípò kí ẹ kọ "bipolar" sínú ìwé, ẹ kọ ọ́ pé, "Kò sùn fún òru márùn-ún, ó ń ná owó tí kò ní, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò dúró, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá." Ìyẹn wúlò fún dókítà ju orúkọ lọ.

Ohun Tí A Ń Béèrè

Wòlíì Èlíjà sá wọ aginjù, ó jókòó lábẹ́ igi, ó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tó wá kò sọ ọ́ lórúkọ kankan, kò sì bá a wí. Ó fún un ní àkàrà àti omi, ó jẹ́ kí ó sùn, ó sì tún jí i kí ó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Àwòkọ́ṣe wa nìyẹn. Nítorí náà, a ń ké sí gbogbo ìjọ pé:

1. Kí agbaninímọ̀ràn gbọ́ ọ̀rọ̀ dé ìparí kí ó tó sọ̀rọ̀, kí ó sì béèrè nípa oorun, oúnjẹ, iṣẹ́, ilé, ìbímọ, oògùn àti ọtí.

2. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ayé ti sú, kí a bi í gbangba bóyá ó ń ronú láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó máa ń tú ẹrù sílẹ̀ fún un ni. Kí a má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kí a gbé oògùn apakòkòrò kúrò nílé, kí a sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

3. Abiyamọ tuntun tó ń ṣe ìrànrán, tí kò sùn, tàbí tó ń sọ ọ̀rọ̀ àjèjì nípa ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn kíákíá ni. Abisínwín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ, ó sì ní ìwòsàn. Ẹni tó bá pe irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní àjẹ́ ń fi ẹ̀mí méjì ṣeré.

4. Kí a má fún ẹni tí kò rí oorun sùn ní ìṣọ́ òru tàbí ààwẹ̀ gbígbẹ. Àìsùn a máa mú irú àìsàn kan le sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì pàṣẹ pé kí aláìsàn da oògùn rẹ̀ nù láti fi ìgbàgbọ́ hàn.

5. Kí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, ẹgba àti ìtìmọ́lé tán nínú gbogbo ilé àdúrà. Òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ti rọ́pò òfin àtijọ́ ọdún 1958, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ti fún un ní ẹ̀tọ́ náà ṣáájú òfin.

6. Kí ọ̀rọ̀ inú yàrá dúró sínú yàrá. Kí a má sọ ọ́ di àpẹẹrẹ ìwàásù, kí a má sì fi ipá mú ẹnikẹ́ni jẹ́rìí sí ìwòsàn tí dókítà kò tíì rí.

7. Kí ìjọ kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ nọ́ọ̀sì tàbí dókítà kan ní ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ tó sún mọ́ ọn, kí ó sì mọ ọ̀nà Àrò, Yaba, UCH Ìbàdàn tàbí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Ilé-Ifẹ̀. Kí a yọ owó ọkọ̀ àti owó oògùn fún aláìní láti inú owó ìjọ. Bí owó bá wà fún ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó yẹ kí ó wà fún èyí.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má bẹ̀rù láti béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ orúkọ àìsàn mọ́ ọmọ yín lára, ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Ọjọ́ mélòó lẹ fi wò ó?" Bí kò bá ní ìdáhùn, ẹ gbé ọmọ yín, ẹ lọ sí ibi tí wọn yóò ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Kò sí ègún nínú rẹ̀. Bí dókítà náà bá sì sọ orúkọ àìsàn kan, ọmọ yín náà ló ṣì jẹ́. Orúkọ tí ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ ni kí ẹ máa pè é, ẹ má fi orúkọ àìsàn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀yin pásítọ̀ àti agbaninímọ̀ràn wa, iṣẹ́ yín pọ̀, owó rẹ̀ kò tó nǹkan, a sì ń bu ọlá fún yín. A kò gba ọ̀pá àṣẹ lọ́wọ́ yín. Ohun tí a ní kí ẹ gbé sílẹ̀ ni ẹrù tí Ọlọ́run kò gbé lé yín lórí. Élì kò kéré sí i nígbà tó yí ohùn padà. Ìbùkún tó súre fún Hánà lẹ́yìn náà ló ṣẹ.

Kí Olúwa fún wa ní etí tó ń gbọ́ ju ẹnu tó ń sọ lọ. Kí ó tú gbogbo ẹni tí a dè láìyẹ sílẹ̀, kí ó wo ọkàn tó gbọgbẹ́ nínú ilé wa sàn, kí ó sì má jẹ́ kí a rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn ní ọwọ́ wa. Ní orúkọ Jésù. Àmín.